Bí Mo Ṣe Gbé Ẹja Tó Ń Wú Láti Abíjàn Dé Ẹ̀jìgbò

Ìràwọ̀ ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí mo gbé garawa mi lé orí itan, tí mo jókòó sínú lọ́rì ní Tirẹṣífíìlì, àdúgbò tí àwa ará Ẹ̀jìgbò pọ̀ sí jù ní Abíjàn láyé ìgbà náà, kí òmìnira tó dé sí ìlú kankan nínú àwọn ìlú tí mo fẹ́ là kọjá. Bí mo ṣe dì í mú, ẹni tó bá rí mi á rò pé wúrà ló wà nínú ẹ̀. Kì í ṣe wúrà o. Ẹja ni. Ẹja kan ṣoṣo, tí kò gùn ju ìka àárín mi lọ.

Kí n tó rìn jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ẹja ṣe jẹ́. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Abíjàn. Ìsọ̀ mi kò jìnnà sí etí ọ̀sà, mo sì máa ń rí àwọn apẹja tí wọ́n ń ju irú ẹja kan dànù, torí májèlé ló wà nínú ẹ̀. Ẹni bá sè é jẹ, ọ̀run ló ń lọ. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún mi ní ọ̀kan, mo ní kí káfíńtà bá mi kan àpótí onídígí, mo pọn omi ọ̀sà sí i, mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì mi. Ara rẹ̀ dúdú, ó ní tótòtó funfun bí ẹyẹ awó. Mo sọ ọ́ ní Awó. Ojú rẹ̀ méjèèjì kì í wo ibì kan náà: ọ̀kan á máa wo abẹ́rẹ́ mi, èkejì á máa wo ẹni tó ń bọ̀ wá gba ṣòkòtò. Eyín rẹ̀ le bí ẹnu odídẹrẹ́, ìgbín kéékèèké ló sì ń jẹ tìkarahun-tìkarahun, torí bí kò bá rí nǹkan líle fọ́, eyín náà á gùn títí kò ní lè jẹun mọ́. Bí ẹ̀rù bá wá bà á, á gbé omi mì, á wú, á rí roboto bí bọ́ọ̀lù, ẹ̀gún á sì yọ ní gbogbo ara rẹ̀.

Ohun tí mo sọ nílé nìyẹn nígbà tí mo lọ ṣọdún Iléyá. Háà! Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Gàníyù, ẹgbẹ́ mi tí a jọ dàgbà, ní, "Àjàní, ó kù kó o sọ pé ẹja náà ń kírun." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ikùn mú. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ padà, ó fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Àjàní, má jẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ mi ní òpùrọ́. Tó o bá tún wálé, fi ọ̀rọ̀ ẹja yẹn sílẹ̀, mo bẹ̀ ọ́." Ó dùn mí wọ egungun. Ìyá tó bí mi ò gbà mí gbọ́! Mo ṣe ìpinnu pé ojú ara rẹ̀ ni yóò fi rí i.

Bí mo ṣe dẹni tó ń gbé ẹja rìnrìn àjò nìyẹn o. Mo fi aṣọ àrán tí mo rà fún ìyá mi wé àpótí onídígí, mo tì í sáàárín ẹrù, mo pọn omi ọ̀sà kún ìdajì garawa, mo ta àwọ̀n sí i lẹ́nu, mo sì di iyọ̀ sínú àpò kékeré. Ẹja yìí kì í ṣe ẹja odò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹja òkun. Omi tí kò dùn tán, tí kò sì níyọ̀ tán, ló ń gbé.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni dírẹ́bà wa, ẹlẹ́nu-dídùn ènìyàn. Ó wo inú garawa, ó ní, "Ẹ̀yin ará Ẹ̀jìgbò! Ẹ ti kó gbogbo ọjà Abíjàn lọ sílé tán, ó wá ku omi. Ẹja yìí á san owó ọkọ̀ o, ó ti gba ìjókòó." Mo ní kó jẹ́ kó san ìdajì, ọmọdé ni. Ẹ̀rín sọ nínú ọkọ̀, wọ́n sì sún fún wa.

Ọ̀nà pupa ni láti Abíjàn títí dé ẹnu ibodè, eruku rẹ̀ kò jẹ́ ká mọ aláwọ̀ dúdú yàtọ̀ sí aláwọ̀ pupa. Ní ibodè, ọ̀gá kan nínú àwọn dúwáànù, ìyẹn àwọn aṣọ́bodè lédè Faransé, tọ́ka sí garawa mi, ó ní, "Sẹ́ kwá?" Ìyẹn ni pé kí nìyí. Mo ní, "Pọwásọ̀n," ìyẹn ni ẹja. Ó wò mí lápá ọ̀tún, ó wò mí lápá òsì. Ta ló ń gbé ẹja láàyè lọ sí Nàìjíríà? Ó dájú lójú rẹ̀ pé nǹkan mìíràn wà nísàlẹ̀ omi. Mo ní kó má fọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó fọwọ́ bọ̀ ọ́. Yéè! Awó ti gé e níka jẹ. Ọ̀gá fa ìka yọ, ó ń fò sókè, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì kọjú sí ògiri kí ó má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n máa lọ, pé ẹja ni lóòótọ́.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ọ̀nà yẹn. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà nílẹ̀ Faransé. Bí a ṣe wọ ilẹ̀ Góòlù Kóòsì, tí wọ́n ń pè ní Gánà báyìí, ọwọ́ òsì ni, bíi tiwa láyé ìgbà náà. Tá a bá dé Tógò àti Dàhòmì, a ó tún padà sọ́wọ́ ọ̀tún. Gbogbo ìgbà tí dírẹ́bà bá yí ọwọ́ padà ni omi inú garawa ń dà sí mi lára, tí obìnrin tó jókòó tì mí á sì máa sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Ẹja." Orúkọ yẹn mọ́ mi lára títí a fi dé Èkó.

Ní Kùmásì, a jẹ kẹ́ńkẹ́. Ẹ̀kọ ló jọ, àmọ́ ó kan, ó sì le ju ẹ̀kọ lọ. Háhá àgbàdo ni wọ́n fi ń wé e dípò ewé. Tọ́rọ́ kan ni mo fi yó, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata lílọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà táwọn èrò ń nà tàntàn, mo bu ìdajì omi garawa dànù, mo pọn omi kànga, mo po iyọ̀ sí i, mo sì ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò títí ó fi rí bí mo ṣe mọ omi ọ̀sà sí. Dírẹ́bà rí mi. Ó pariwo, "Ẹ wá wo ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò nígbà tí ẹja ṣì ń lúwẹ̀ẹ́!" Mo fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Awó jẹ mí lógún ju kí n fèsì lọ.

Ọkọ̀ ojú omi ńlá ló gbé lọ́rì wa sọdá odò Fọ́tà. A gba Lómẹ̀ kọjá, níbi tí búrẹ́dì ti gùn bí apá ènìyàn, a sì wọ Èkó láyọ̀. Mo wọ̀ sílé Bàbá Ràfíù, ọmọ ìlú wa, ní Èbúté Mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ràfíù, fi omi tútù pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, mo mu ún, mo sì sun oorun àsùnpara.

Nígbà tí mo ti mọ́sálásí dé láàárọ̀, obìnrin náà ti ń dúró dè mí tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Mo ti tọ́jú àlejò yín kejì. Mo tọ́ omi rẹ̀ wò, iyọ̀ ni! Mo ní, ẹja yìí mà ti jìyà láti Abíjàn. Mo ti da gbogbo rẹ̀ nù, mo ti bu omi ẹ̀rọ tó tutù nini sí i."

Orí mi fò lọ. Mo wo inú garawa: Awó ti dojú ẹ̀gbẹ́ kan bolẹ̀, àwọn tótòtó funfun rẹ̀ ti ṣókùnkùn, ẹnu rẹ̀ ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Mo ké, "Mo gbé!" Gbogbo ohun tí mo rí nígbà náà ni ojú ìyá mi, tí mo ń fi òkú ẹja hàn án. Mo gba báàfù lọ́wọ́ obìnrin náà, mo gbé garawa, mo sì sá lọ sétí ọ̀sà. Ó ń sá tẹ̀ lé mi, gèlè rẹ̀ ti bọ́ sọ́nà, ó ń bèèrè pé, "Kí ni mo ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?" Mo fi báàfù bu omi ẹ̀rọ dà sílẹ̀, mo ń rọra da omi ọ̀sà sí i díẹ̀díẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ń wo ẹja. Nígbà tó yá, ojú ẹja kan yí sókè, ó wò mí. Èkejì yí, ó wo Ìyá Ràfíù. Lẹ́yìn náà ló gbéra nílẹ̀, tó ń ju lẹbẹ rẹ̀ kéékèèké.

"Àlùhámúdùlíláì!" Àwa méjèèjì la jọ pariwo rẹ̀. Obìnrin náà ní, "Ẹ má bínú o." Mo ní kí ni mo fẹ́ bínú sí? Omi tútù ni wọ́n kọ́ gbogbo wa láti kékeré pé ká fi pàdé àlejò. Ibi tí a ti ṣì í ni pé a kì í bi àlejò léèrè irú omi tó ń mu. Ó lọ ra ìṣáwùrú fún Awó lọ́jà, ó ní kó fi jẹun lójú ọ̀nà.

Mo wọ rélùwéè ní Ìdó, mo sọ̀ ní Ẹdẹ, mo sì wọ lọ́rì tó ń lọ sílé. Nígbà tí a kọjá ìlú Ara, tí mo rí ebè iṣu lọ́tùn-ún lósì, inú mi dùn débi pé mo ń fi ọ̀nà han ẹja. "Awó, oko wa nìyí o."

Ariwo sọ ní agbolé wa. Ìyá mi dì mọ́ mi, ó ní, "Àjàní, káàbọ̀," ojú rẹ̀ sì bọ́ sínú garawa. Mo to àpótí onídígí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé Awó sí i, èrò sì kún débi pé a ò rí ẹsẹ̀ gbé. Gàníyù fẹ́rẹ̀ẹ́ ki imú bọ inú omi. Ó ní, "Ẹja ni lóòótọ́. Wíwú dà?"

Awó ò wú. Kí ló fẹ́ wú sí? Ó ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ síwájú mi, ó ń tọrọ oúnjẹ. Gàníyù ti fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, ó ní òun á fi gún un kó lè bínú. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ẹja yìí ti jìyà lójú ọ̀nà. Wíwú ń rẹ̀ ẹ́, ó sì lè kú sí i. Má fọwọ́ kàn án."

Ó ní, "A ti mọ̀! Òpùrọ́ ló ń ní ẹlẹ́rìí òun wà lọ́run."

Inú bí mi. Torí kí wọ́n má baà pè mí ní òpùrọ́ ni mo ṣe rin gbogbo ọ̀nà yẹn, ìgúnni ìgbálẹ̀ kan péré ló sì kù. Mo wo Awó. Mo ní, "Gàníyù, máa pè mí ní òpùrọ́. Ẹja mi ò ní wú lónìí."

Ìyá mi dìde. Ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ Gàníyù, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Àjàní, irú omi wo ni àlejò yìí ń mu?" Láti Abíjàn, òun lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí léèrè. Mo fún un ní iyọ̀, ó po ó mọ́ omi nínú igbá, ó tọ́ ọ wò, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló lọ sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó mú ìpère kékeré kan bọ̀, ó jù ú sínú àpótí. Awó gbá a mú. Kọ́! Ìkarahun fọ́, gbogbo ilé fò sẹ́yìn.

Gàníyù ní, "Eyín ni mo rí. Mi ò tíì rí wíwú." Ẹ̀rín pa wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, mo wà lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ igbe ìyá mi. Òun nìkan ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àkùkọ rẹ̀ fò lé orí tábìlì, ó sọ dígí ní ẹnu pàà! Kí a tó sáré dé ibẹ̀, Awó ti rọ̀, ó ti padà sí bó ṣe wà. Ìyá mi ń fi ọwọ́ méjèèjì júwe: "Ó wú! Báyìí ló tóbi! Ẹ̀gún yọ lára rẹ̀!"

Gàníyù kọ́kọ́ wo ẹja, ó wo ìyá mi, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà kọ́."

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń túká lọ. Ìyá mi wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí ẹni tó gbà. Ó wá yíjú sí mi.

Mo ní, "Màámi, mo gbà yín gbọ́."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, kí omi tó tẹ̀ lé e lójú. Ó ní, "Àjàní, jókòó. Wá sọ bó ṣe máa ń ṣe é fún mi. Sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."