Iyán tí a fi kí Bùọ̀dá Sàkíru káàbọ̀

Òórùn irú ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn ní Olódì. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà níbẹ̀ mọ̀ pé a kì í déédéé gún iyán láàárọ̀. Àbúrò màmá mi, Bùọ̀dá Sàkíru, ló ń bọ̀ wálé.

Tírélà ni wọ́n ń wà ní èbúté Tin Can. Trámádò tí wọ́n ń lò kí oorun má bàa gbé wọn nídìí ọkọ̀ ló di bárakú. Ni ẹbí bá mú wọn lọ sí ilé kan tí wọ́n ti ń de irú wọn mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi ebi lé oògùn jáde lára wọn.

Nígbà tí Bùọ̀dá ti ibẹ̀ dé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mi ò dá wọn mọ̀. Ọrùn ti tín-ín-rín, ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí wọn.

"Bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe." Ọ̀rọ̀ ẹnu màmá mi nìyẹn. Iyán ràbàtà ni wọ́n gbé kalẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀gúsí, pọ̀nmọ́ àti ẹran. Ìyá Efe, aládùúgbò wa, gbé ẹlẹ́rìndòdò wá: "Chop, my brother. You don suffer."

"Àǹtí mi, ó ti tó, ẹ jọ̀ọ́," ni Bùọ̀dá wí.

Màmá mi tún bu sí i. "Jẹun, jàre! Wo bó o ṣe rù."

Wọ́n jẹ ẹ́. Lọ́sàn-án, wọ́n tún jẹ òmíràn, inú gbogbo wa sì ń dùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ Bùọ̀dá ti wú, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ká tó rí kẹ̀kẹ́ tó máa gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n ti kú. Kú kẹ̀! Ẹni tó jẹun yó lánàá! Àwọn ará ilé ní ọ̀tá ló tẹ̀ lé wọn wálé. Màmá mi gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ pé ẹni tí ebi ti pa pẹ́, díẹ̀díẹ̀ là á bọ́ ọ, pé oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè dá ọkàn rẹ̀ dúró. Mo bú sẹ́kún ní kíláàsì.

Iṣẹ́ mi báyìí ni kí n máa bu ẹ̀kọ mímu díẹ̀díẹ̀ fún àwọn tó ń bọ́ lọ́wọ́ oògùn. Wọ́n ní ahun ni mí, mo ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọ̀tá tí mi ò rí ló ń bà mí lẹ́rù. Ní báyìí, màmá mi ni mo ń bẹ̀rù, kí wọ́n má lọ bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló pa àbúrò àwọn.