Ẹni Tó Máa Jẹ́rìí sí Mi Ti Relé

Ẹ má bi mí bóyá mo kàwé. Mo kàwé o. Ẹni tó máa bá mi sọ fáráyé pé mo kà á ni mi ò rí.

Láàárín àwọn ọdún náíntì, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Alẹ̀kúwodò, ní Òṣogbo, ni mò ń wà. Iṣẹ́ náà ti sú mi. Ìwé kan náà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́dọọdún, mo sì ń gbọ́ bí Gẹ̀ẹ́sì tèmi náà ṣe ń dógùn-ún lẹ́nu mi. Mo wá pinnu pé màá padà sí yunifásítì lọ gba másítáàsì.

Ohun tí wọ́n ń béèrè ju ẹrù ìdána lọ. Wọ́n fẹ́ krẹ́díìtì Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé mẹ́wàá, wọ́n fẹ́ ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀, wọ́n fẹ́ kí yunifásítì fúnra rẹ̀ fi èsì gbogbo ìdánwò mi ránṣẹ́. Àwọn tó ń lọ sí ẹ̀ka Faransé tún gbọ́dọ̀ fi hàn pé àwọn ti gbé láàárín àwọn tó ń sọ ọ́. Ọpẹ́ ni pé ti Faransé ò kàn mí. Dìgírì mi ló mẹ́hẹ díẹ̀: sẹ́kọ́ǹdì kíláàsì ti ìsàlẹ̀ ni. Ẹni tó bá sì ní irú ẹ̀, olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára àwọn rẹfirí tó máa jẹ́rìí sí i. Láìsí ìyẹn, kéèyàn má wulẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú.

"Rẹfirí kẹ̀?" ni ìyá mi wí. "Ṣé bọ́ọ̀lù lẹ fẹ́ lọ gbá níbẹ̀ ni?"

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ara mi ò gba ẹ̀rín nígbà náà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ tèmi. Gẹ̀ẹ́sì wọn dán, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti sọ Yorùbá, "ulé" ni wọ́n máa ń pe ilé, ta ló tó bẹ́ẹ̀ kó fi wọ́n rẹ́rìn-ín? Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń lọ sí Iléṣà. Tí ọ̀sán bá ti pọ́n báyìí, wọ́n á gbé báàgì, wọ́n á ní, "Ó dulé o," ó parí nìyẹn. Wọ́n ti wá fẹ̀yìn tì, wọ́n ń gbé nítòsí Ọjà Ọba ní Òṣogbo. Àwọn olùkọ́ mi yòókù ti gba òkè òkun lọ nígbà tí nǹkan le. Bàbá yìí nìkan ló kù mí kù.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn ni gbèdéke fọ́ọ̀mù. Mo gba ilé wọn lọ lọ́jọ́ Ajé. Ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n jọ ń gbé ọgbà náà ló jókòó síta, tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Bàbá ni mo wá kí."

Ó gbójú sókè. "Háà! Bàbá ti relé, ọmọ mi."

"Ìgbà wo ni wọ́n lọ, mà?"

"Jímọ̀ tó kọjá yìí ni."

Mo ní mo ṣáà mọ̀. "Ṣé wọ́n sọ ọjọ́ tí wọ́n máa dé?"

Ìyá náà wò mí títí, ó mi orí. "Ọlọ́run ló ni gbogbo wa. Máa lọ sí Iléṣà, ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà."

Inú bí mi. Ìbéèrè kékeré, ìyá yìí ti gbé e dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run! Mo dúpẹ́ lẹ́nu lásán, mo lọ wọ mọ́tò Iléṣà.

Ilé wọn ò ṣòroó rí, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn èèyàn jókòó kún iwájú ilé. Mo rò pé ìpàdé ẹbí ni. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kúulé o. Ṣé bàbá wà nílé?"

Obìnrin kan bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n olùkọ́ mi, arúgbó tó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ọ̀pá, ló dá mi lóhùn.

"Ó ti dé ulé, ọmọ mi. Ọjọ́ Ẹtì la ó sin ín."

Ẹ gbọ́ ná, èmi tí mò ń wá másítáàsì nínú èdè! Ta ni kò mọ̀ pé wọn kì í là á mọ́lẹ̀ nílẹ̀ wa pé àgbà kú? Ọmọ kékeré tó bá rí ojú ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà yẹn ì bá ti mọ ilé tó ń wí. Lórí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo ti sunkún. Mo sunkún olùkọ́ mi, mo sunkún fọ́ọ̀mù pẹ̀lú, mi ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìyàwó wọn bi mí pé ta ni mí. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni mí.

"Gẹ̀ẹ́sì lo kọ́ lọ́dọ̀ wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọlọ́run ló rán ẹ wá. Àwọn ọmọ ò tíì ti òkè òkun dé, àwọn tó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú sì ń retí wa. Bá wa kọ ìtàn ayé wọn. Bàbá yín ò fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ò gún, o ṣáà mọ̀ wọ́n."

Mi ò ní ìwé mìíràn lápò ju fọ́ọ̀mù rẹfirí lọ. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ọ̀rọ̀ ò wá. Mo tún yí i padà, mo ka ohun tí wọ́n ní kí olùkọ́ mi dáhùn nípa mi. Láti ìgbà wo lo ti mọ ẹni yìí? Irú ìwà wo ló ní? Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ láìsí pé wọ́n ń ṣọ́ ọ? Mo bá fi ọ̀rọ̀ olùkọ́ mi dáhùn àwọn ìbéèrè náà. Mo kọ ọ́ pé nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ti yunifásítì pa, wọ́n ń wá bá mi níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á ka iṣẹ́ mi, wọ́n á fi bírò pupa fa ìlà sídìí gbogbo àṣìṣe. Mo kọ ọ́ pé wọn ò gbà ju omi lọ lọ́wọ́ wa.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin kan lẹ́yìn mi sọ fún ẹnì kejì ẹ̀ pé, "Ta ló kọ èyí? Onítọ̀hún gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o." Ó ṣe mí bíi kí n yíjú padà, kí n ní kó bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí a fi máa ti ibi isà òkú dé, ọjọ́ fọ́ọ̀mù ti kọjá.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo tún lọ béèrè ní yunifásítì. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ní òfin ò yí padà, olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ mi náà ni wọ́n ń fẹ́.

Mo fẹ́ là á mọ́lẹ̀ fún un. Ẹnu mi ò gbà á.

"Wọ́n ti relé, sà," ni mo wí.

Kò gbójú sókè nínú ìwé tó ń kọ. "Kò burú," ó ní. "Ìgbà wo ni wọ́n máa dé?"