Láti Wudil dé Orí Pátákó Funfun

Bàbá ìyàwó mi kò pariwo nígbà tí ó kọ̀ mí. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Ibo Road, ní Sabon Gari Kano, ó ń fi aṣọ nu awò ojú rẹ̀. Akọ̀wé rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni.

"Ọmọ ọdún méjìlá ni wọ́n tó fi ọ́ sí ilé-ìwé," ó ní. "Mi ò fi ìyẹn bú ọ. Ṣùgbọ́n o dé kíláàsì kẹta girama, o fi í sílẹ̀. O lọ kọ́ṣẹ́ àtúnṣe rédíò, o fi í sílẹ̀. Ọmọ mi náà, wàá fi í sílẹ̀."

Òótọ́ ni méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ni mi ò gbà.

Lóṣù yẹn, àwọn ọ̀dọ́ Sabon Gari ṣètò ìrìn kan, láti ìlú Wudil dé pápá besibọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa. Àwọn òyìnbó tó wá ṣiṣẹ́ omi ló la pápá náà fún ara wọn. Bọ́ọ̀lù kékeré ni wọ́n máa ń fi igi gbá níbẹ̀, wọn a sáré yí ká, wọn a padà sórí pátákó funfun kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ, wọ́n fi àwọn àga onípákó sílẹ̀, àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní sítédíọ̀mù. Orí pátákó funfun yẹn ni ìrìn yóò parí sí. Méjì-méjì ni a ó rìn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sáré, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ tẹ pátákó kí fèrè aago mẹ́rin tó dún. Mo gbọ́ pé wọ́n ti bẹ bàbá náà kí ó wá ṣe ẹlẹ́rìí níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ni mo fi orúkọ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí mi níbi tí mo ti parí nǹkan.

Ọ̀rẹ́ mi kan ni mo bẹ̀ pé kí ó bá mi rìn. Mùsùlùmí ni, ará Ọ̀fà ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Kano ni wọ́n bí i sí, ó sì ń rán fìlà ní France Road.

"Ta ló fẹ́ fẹ́yàwó, èmi àbí ìwọ?" ó bi mí.

Mo ní èmi ni.

"To, ó dáa. Kí ló wá dé tí ẹsẹ̀ tèmi fi máa wú?"

Síbẹ̀ ó wá.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí a kúrò ní Wudil. Ọyẹ́ mú, eruku bo ojú ọ̀nà. Àwa la kọ́kọ́ wà níwájú, kí bàtà ọ̀rẹ́ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o ní gìgísẹ̀. Lọ́rì ẹlẹ́pà kan rọra wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, awakọ̀ ní kí a wọlé. "Ku shigo mana."

Ọ̀rẹ́ mi wo lọ́rì, ó wò mí. "Ṣé bàbá yẹn lè rí wa láti Ibo Road?"

"Kò lè rí wa."

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o ò ní rí wa?"

Mo ń rìn lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, ó sì tẹ̀ lé mi.

Nígbà tí oòrùn kàn wá lórí, ó dúró kírun. Mo da omi sí i lọ́wọ́ fún àlùwàlá, mo sì jókòó sábẹ́ igi dongoyaro. Àwọn méjì kan kọjá. Ọ̀kan nínú wọn bá mi ṣe kíláàsì kan náà rí, bẹ́ẹ̀ mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ tún ti fi eléyìí náà sílẹ̀?"

Ọ̀rẹ́ mi ṣe sálámà, ó parí ìrun, ó ní, "Ǹ bá ti kánjú."

Mo ní kò gbọdọ̀ kánjú.

Kí a tó wọ Sabon Gari, ó ti bọ́ bàtà sọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà pápá ní ó ku ìṣẹ́jú kan. A fi gbogbo agbára tó kù lára wa gbé ẹsẹ̀. Bàbá náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi tẹ pátákó. Ó ku ìgbésẹ̀ mẹ́ta fún mi. Ibẹ̀ ni ojú mi ti pàdé ojú bàbá náà, mo sì dọ̀bálẹ̀.

Mi ò rò ó. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í gba iwájú àgbà kọjá láì kí i, áńbọ̀sìbọ́sí bàbá ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Àyà mi wà nílẹ̀, mo ń sọ pé "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà," nígbà tí fèrè dún.

"Kai," ọ̀rẹ́ mi ní. "Yorùbá pa mí lónìí. O ò lè tẹ pátákó kí o tó kí i?"

Tíṣà tó fọn fèrè ní a ò wọlé. "Ọ̀kan tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan dọ̀bálẹ̀." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní kí n bẹ tíṣà, pé onínúure ni.

Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo dìde, mo gbọn eruku, mo rin ìgbésẹ̀ mẹ́ta tó kù, mo sì dúró lórí pátákó.

"Kí lẹ tún ń ṣe níbẹ̀?" tíṣà bi mí.

"Mò ń parí ìrìn."

"Àkókò ti kọjá."

"Aago ló kọjá. Èmi ti dé."

Onífọ́tò ní kí a kúrò, pé àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí ìrìn náà fẹ́ ya fọ́tò níbẹ̀. A ò kúrò. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí pátákó, ó na ẹsẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ rẹ̀. "Ẹni tó bá lè gbé mi, kó wá gbé mi." Onífọ́tò dúró títí, ó sú u, ó sì yà á pẹ̀lú àwa méjèèjì níwájú.

Bàbá náà wá sún mọ́ mi.

"Ìwé ẹ̀rí dà?"

"Wọn ò fún mi, sà."

"Kí ló fà á?"

"Mo kí yín ni."

"Ta ló ní kí o kí mi?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n kí yín. Bí mo bá tún un rìn lọ́la, màá tún kí yín."

Ó wo ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi. "Mo máa ń sùn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú," ó ní. "Kí àwọn ẹbí rẹ má wá lọ́jọ́ Àìkú." Ó sì yíjú lọ.

Ọ̀rẹ́ mi fà mí láṣọ. "Ṣé ó kọ̀ ni?"

"Kò kọ̀. Ọjọ́ mìíràn ni kí a wá."

"Ẹ̀yin ará yìí," ó ní. "Ẹ ò lè sọ̀rọ̀ kó tọ́."

Ọjọ́ Sátidé ni a lọ. Bàbá náà fún mi ní ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n títí ó fi kú ló ń sọ fún àlejò pé àna òun kò parí ìrìn. Ìyàwó mi a fi ojú bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́. Mo ń dákẹ́ nínú ọ̀pọ̀ nǹkan, mi ò dákẹ́ nínú ìyẹn. "Mo parí ẹ̀, sà," ni mo máa ń sọ, a ó sì máa jẹun lọ.

Ìyàwó mi náà ti di olóògbé báyìí, ọdún keje rèé. Mi ò ní ìwé ẹ̀rí kankan, ti girama, ti rédíò, ti ìrìn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò dé, kí ó máa kọ ọ́.