Bí Mo Ṣe Ra Táyà Tuntun fún Àdàbà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí táyà méjì péré.

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni. Tíṣà ni mí ní Ìrókò nígbà yẹn, Tíṣà náà sì ni gbogbo ayé ń pè mí, títí kan Mojí ìyàwó mi. Mo ní alùpùpù kan. Ẹ má rò pé ọ̀kadà lásán ni o! Tòkunbọ̀ ni, ó tóbi, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, gíláàsì wà níwájú rẹ̀ tó ń gba afẹ́fẹ́ fún èèyàn, àga rẹ̀ gùn, ó sì fẹ̀. Irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń rìnrìn àjò láti ìlú dé ìlú ni. Àdàbà ni mo sọ ọ́, nítorí kì í pariwo. Ńṣe ló máa ń kùn bí ẹni tó ń kọrin sínú.

Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni èmi àti Mojí máa ń gùn ún lọ sí Erunmu lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bí a bá ti kọjá Mọ́níyà, tí ọyẹ́ ṣì bo ojú ọ̀nà, Mojí á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn, kò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́. Èéfín gàrí tí wọ́n ń yan á wọ̀ wá nímú, á tún kọjá lọ. Ó máa ń ṣe mí bíi pé ojú kan la wà, tí ọ̀nà ń ṣàn kọjá lábẹ́ wa. Ṣé ẹ̀yin náà ti lá irú àlá bẹ́ẹ̀ rí tí ojú yín sì là sílẹ̀? Èmi lá a. Wákàtí yẹn ni mo fẹ́ràn jù láyé mi.

Àfi ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé! A ò tíì kọjá Egbeda tí táyà ẹ̀yìn fi yọ̀, ó kù díẹ̀ ká kó sí gọ́tà. Táyà tí Àdàbà bá wá láti òkè òkun ni, ó ti gan, ó sì ti sán bíi gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́. Mojí sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn dé ìdíkọ̀. Nígbà tá a délé, ó ní òun á fún mi láàyè ẹ̀ẹ̀kan. Kí n lọ wá táyà gidi. Ṣùgbọ́n bó bá tún yọ̀ pẹ̀lú òun lórí rẹ̀, kí n tà á, ká máa wọ bọ́ọ̀sì bíi ti gbogbo èèyàn. Mo gbà. Ẹni tó bá mọ Mojí mọ̀ pé kì í fi àdéhùn ṣeré.

Mo gba ọ̀dọ̀ Bàbá Lásísì lọ, fọganáísà tó wà ní Egbeda, mo sì sọ àdéhùn èmi àti Mojí fún un. Oríṣi táyà mẹ́ta ni bàbá gbé síwájú mi tó wọ Àdàbà.

Àkọ́kọ́ ní eyín ńláńlá, bíi ti àwọn tó ń fi alùpùpù kó ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko. Mo ní èyí á dáa fún ọ̀nà eléruku Erunmu. Bàbá ní ká má tan ara wa, orí títì ni mo ń lò jù, bí Àdàbà ṣe wúwo tó, tó sì ń sáré tó, eyín yẹn á kàn máa gbọ̀n mí láti Ìrókò dé Egbeda. Ìkejì fẹ̀, ó ń dán, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ilà kankan. Áà! Mo ti ń rí ara mi tí mò ń fò lórí rẹ̀! Bàbá wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ilẹ̀ gbígbẹ ni ìyẹn mọ̀, bí òjò bá fi lè kán sílẹ̀, á yọ̀, màá sì rí ohun ròyìn fún Mojí.

Ìkẹta ò jọ nǹkan kan. Ó dúdú ṣáá ni, ilà jíjìn wà lójú rẹ̀ tó ń darí omi sí ẹ̀gbẹ́.

“Tíṣà, fi èékánná tẹ̀ ẹ́,” ni bàbá wí.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀, ó sì padà sípò. Mo tẹ èyí tó ń dán, ó le bí òkúta. Bàbá ní ó ti pẹ́ jù nínú ìsọ̀, kò lè di ilẹ̀ mú mọ́. Báyìí ni mo ṣe fi èyí tí ojú mi fẹ́ sílẹ̀, mo mú ìkẹta.

Ó ṣe bìsìmíláì, ó bá mi fi méjèèjì sí Àdàbà lẹ́sẹ̀. Ó wá kìlọ̀ pé táyà tuntun máa ń yọ̀ nítorí òróró tí wọ́n fi ń ṣe é, kí n rọra gùn ún títí ojú rẹ̀ á fi ṣá. Mo gbọ́ràn! Lójoojúmọ́ tí ilé-ìwé bá ti parí, èmi nìkan ni mò ń lọ tí mò ń bọ̀ lójú ọ̀nà Ìrókò, títí táyà fi ṣá bíi síléètì.

Ní Sátidé kejì, Mojí gun Àdàbà. Òjò bá wa ní Egbeda gan-an, táyà ò mì. Mo mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mojí padà sẹ́yìn mi. Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí.

Erunmu la sùn. Ọjọ́ kejì tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, a bá Ìyá Erunmu, ìyẹn ìyá ìyàwó mi, lọ sí ìjọ aláṣọ funfun wọn. Lẹ́yìn ìsìn, màmá ní ohun tó ń gbé ọmọ òun kan ṣoṣo kiri títì, àfi kí òun gbàdúrà sí i. Màmá fúnra wọn gbé ìgò òróró àdúrà jáde. Wọ́n fi kan ọwọ́ alùpùpù, wọ́n fi kan iwájú orí wa. Ẹ wá wò ó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀! Wọ́n da òróró sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì ń fi pa táyà iwájú yípo. Wọ́n tún bọ́ sí ti ẹ̀yìn.

“Àna mi, ẹ bá mi tì í síwájú díẹ̀,” ni wọ́n wí, “kí ọwọ́ mi lè tó ibi tó fi kanlẹ̀.”

Mo tì í. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Ìyá ìyàwó mi ni, lójú gbogbo ìjọ! Ta ló máa nu òróró àdúrà kúrò lójú ẹni tó fi sí i? Èmi ni “Àmín” mi lọ sókè jù níbẹ̀.

Mojí gùn ún pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn. Ẹnu géètì ni mo ti yà. Àdàbà kàn rọra dùbúlẹ̀, bí ẹni tí oorun ń kùn. A ò ṣèṣe, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ ti sọ sùtánà di pupa. Mojí dìde, ó wo Àdàbà, ó wò mí, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìyá rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ padà sí Ìrókò.

Èmi rọra gùn dé Egbeda. Bàbá Lásísì fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ táyà, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé mo fẹ́ fi táyà dín àkàrà ni! Ó ní kí n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí n sì sọ òótọ́ nílé.

Méjèèjì ni mi ò ṣe. Ṣé kí n wá sọ fún Mojí pé àdúrà ìyá rẹ̀ ló gbé wa ṣubú? Nígbà tó béèrè ohun tí bàbá wí, mo ní kò wí nǹkan kan. Ó ní kí n mú àdéhùn ṣẹ. Ó dùn mí wọ egungun. Mo sọ fún ọkùnrin kan ní Mọ́níyà, ó ní òun á wá rà á ní Sátidé.

Àṣé Mojí fọ sùtánà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Iyẹ̀pẹ̀ ṣí, ṣùgbọ́n àbàwọ́n kan ò kúrò létí rẹ̀. Ó gbé e sí imú. Láti kékeré ló ti mọ òórùn òróró yẹn! Ló bá ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, kò jẹ́ kí n mọ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, mò ń nu Àdàbà sílẹ̀ de ẹni tó fẹ́ rà á, bọ́ọ̀sì dúró, Ìyá Erunmu sọ̀ kalẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ọṣẹ, omi àti kànrìnkàn ni wọ́n béèrè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí ti ọjọ́ sí, wọ́n ń fọ táyà.

“Àna mi, ẹ tì í síwájú díẹ̀.”

Mo tì í. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú wọn.

Wọ́n béèrè ìdí tí mi ò fi sọ̀rọ̀. Mo ní mi ò fẹ́ nu àdúrà wọn nù.

“Ṣé orí táyà ni Ọlọ́run ń gbé ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n so gèlè le, àwọn tí wọn ò gun alùpùpù rí láyé wọn! Wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ síbi tí mo máa ń gbé ọmọ àwọn gbà.

A lọ sí Mọ́níyà, a padà. Orin ni wọ́n ń kọ lọ. Nígbà tá à ń bọ̀, orin dákẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti wà lẹ́yìn mi.

Wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wo Mojí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ó kàn ẹ́,” ni wọ́n wí.

Nígbà tí ọkùnrin Mọ́níyà dé, Ìyá Erunmu nìkan ló bá nílé. Wọ́n ní ẹni tó ni alùpùpù ti lọ, òun àti ìyàwó rẹ̀, wọn ò sì sọ ìgbà tí wọ́n ń bọ̀.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ fi èékánná tẹ táyà kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ má jẹ́ kí dídán rẹ̀ tàn yín. Bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá sì fi òróró pa á, ẹ ṣe àmín, kẹ́ ẹ sì rọra sọ fún un pé ó máa yọ̀. Ta ló ti fi ìfẹ́ gbé yín ṣubú rí, tẹ́ ẹ sì dákẹ́? Ẹ sọ tiyín fún mi, mò ń gbọ́.