Nígbà Tí Mo Ń Sín Àbúrò Mi Jẹ

Mo ṣì kéré, n kò tíì lè dá gbé garawa omi rù, nígbà tí mo fi etí ara mi gbọ́ ọ nílé wa ní Òkè-Ṣopẹ́n, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, pé wọn yóò kó èmi àti àbúrò mi lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹkẹṣẹkẹ de wèrè mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ń sọ ọ́ ní pálọ̀. Ó ní, "Àrùn náà ti ran ọmọbìnrin yìí. Àwọn méjèèjì ni ká kó lọ." Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe débẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ti tó ọmọ tó yẹ kó máa dọ̀bálẹ̀ kí àgbà bó ṣe ń rí i tí àwọn yòókù ń ṣe. Kò ṣe é. Bí ẹ pe orúkọ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní wo ojú yín. Màmá wa ń bó obì fún àwọn alájàpá. Obì yẹn ni àbúrò mi máa ń tò láti ẹnu ọ̀nà dé ara ògiri, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá etí, á máa kùn bí oyin. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ẹyọ kan nídìí, ará ilé kejì á gbọ́ igbe rẹ̀. Lónìí, ọ́tísìmù ni àwọn dókítà ń pè é. Nígbà náà, wèrè ni wọ́n ń sọ.

Èmi kàn fẹ́ bá a ṣeré ni. Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì í, mo to obì tèmi, mo gbá etí mi, mo kùn. Ó dákẹ́. Ó yíjú padà, ó wò mí. Ẹ gbà mí gbọ́, kò wò mí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Mo tún gbá etí. Òun náà gbá tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

Pàṣán ni mo kàn gbọ́ lẹ́yìn mi. "O ń sín àbúrò ẹ jẹ!" ni màmá mi ń pariwo. "Aláìsàn lo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́? Ṣó o fẹ́ kó ràn ọ́ ni?" Mo sunkún, ṣùgbọ́n n kò jáwọ́. Bí wọ́n bá ti jáde, màá tún jókòó tì í. Nígbà tó yá, bí mo bá pàtẹ́wọ́, òun náà á pa á. Bí mo bá yọ ahọ́n, á yọ tirẹ̀. Kò sí àgbà tó rí ìyẹn. Ìgbà tí mò ń gbá etí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọlé bá wa, ló bá ní ó ti wọ èmi náà lára.

Mo sì ti rí ẹnì kan tó ti ọ̀dọ̀ awòwèrè tí wọ́n fẹ́ kó wa lọ bá bọ̀. Egbò yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Títí di òní, bí ẹ bá ju ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ nítòsí mi, màá dìde kúrò níbẹ̀.

Awòwèrè náà dé láti wá kó wa. Kó tó sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́, á ti fìlà sẹ́yìn. Àbúrò mi gbójú sókè. Ó wúkọ́ gẹ́lẹ́ bíi tirẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ti fìlà tí kò dé sẹ́yìn. Ọkùnrin náà fi ìbínú wúkọ́. Àbúrò mi náà fi ìbínú wú u.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fò dìde. "Astagafurulai! Ẹ gbá a létí, ó ń sín àgbà jẹ!"

Bàbá mi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ ọ́," ló wí. "Ẹni tí kò rí wa, ṣé ó lè sín wa jẹ? Ọmọ mi ń rí wa. Ẹ má bínú, bàbá. Kò sẹ́ni tó ń bá yín lọ nílé yìí."

Ọkùnrin náà ní kì í ṣe wèrè ló ń ṣe é, àìlẹ́kọ̀ọ́ ni, òun kì í sì wo àìlẹ́kọ̀ọ́. Ó jáde. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ṣẹkẹṣẹkẹ sí wa mọ́.

Láìpẹ́ yìí, ní Àgọ́-Ìwòyè, mo rí olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń yí ìdérí ike bí ọmọ kékeré kan tó rí bí àbúrò mi ṣe ń yí i. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn! Ọmọ náà gbójú sókè, ó wò ó, ìyá rẹ̀ sì ń dúpẹ́. Ẹnu yà mí, mo wá ibi jókòó. Ayé ti yí padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ń ronú àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ láyé tiwa. Mélòó nínú wọn ni ì bá ti wo ojú ènìyàn, ká ní ẹnì kan jókòó tì wọ́n?