Àgádágodo Ayọ̀rìndé

Bí kì í bá ṣe ti àgádágodo kan, ọwọ́ ọ̀tún mi yìí ni ǹ bá fi pa Ayọ̀rìndé.

Ríwáyà tó ń ṣiṣẹ́ iná ni Ayọ̀rìndé, ní àdúgbò Adébáyọ̀ níbí, ní Adó-Èkìtì. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀ bí ìgbín, bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá sì ti ń lọ lù, ó ti palẹ̀ mọ́ nìyẹn. "Aago Mẹ́fà" ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi gan-an ni mo sọ ọ́ lórúkọ náà. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà; n kì í gba ọ̀lẹ láyè.

Nígbà tí mo ń tún kíṣìnì mi ṣe, káfíńtà yọ kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́, la bá rí i pé sọ́kẹ́ẹ̀tì kúkà oníná mi ti jó dúdú, ó ti yọ́ mọ́ ara ògiri. Mo ránṣẹ́ pe Ayọ̀rìndé. Wọ́n ti mú iná lọ láti ọjọ́ Ajé, mo sì rò pé iṣẹ́ náà ò ní pẹ́ rárá. Kàkà kó wọ kíṣìnì, ìta ló gbà lọ. Ó pa mẹ́ènì súìṣì tó ń gbé iná wọ gbogbo ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, ó fi àgádágodo tì í, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò.

Inú bí mi. "Uná tí wọ́n ti mú lọ láti ọjọ́ Ajé, kí lo tún ń pa? Àgádágodo, nínú ulé mi?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é."

Mo pòṣé.

Ó fi tẹ́sítà kan wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó fọwọ́ kàn án. Ó fi èyí tó jó hàn mí, ó ní ó tín-ín-rín jù fún kúkà. Ó ń fa wáyà tuntun tó nípọn gba inú ògiri nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò pariwo: "Uná ti dé!"

Ẹja inú fírísà mi nìkan ni mo rò. Mo sáré jáde, mo di súìṣì mú, mo fà á. Kò lọ. Mo tún fà á, mo ń ṣépè fún àgádágodo. Mo wá padà wọlé láti gba kọ́kọ́rọ́.

Ọwọ́ Ayọ̀rìndé méjèèjì wà lára wáyà tó ti bó lára. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ fà á, àbí, Màmá?" Kò bínú.

"Mo fà á."

Ó so wáyà tó kù tán kó tó tún sọ̀rọ̀. "Ọmọ́níyì, ẹ̀gbọ́n mi, ló kọ́ mi níṣẹ́. Kíṣìnì ilé wa ló ti ń pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà. Uná ti lọ. Nígbà tó dé, inú ẹnìkan dùn, ó sáré lọ tan súìṣì."

"Ta ni?"

"Ìyá wa."

Ó bo sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun náà dáadáa, ó lọ ṣí àgádágodo, iná sì tàn nílé mi. Ó kù kó so kúkà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ti kù díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù.

"Ó di ọ̀la, Màmá. Ìyá mi kì í fọwọ́ kan súìṣì mọ́. Bí mi ò bá tètè délé, inú òkùnkùn ni wọ́n máa ń jókòó sí, kódà bí uná bá wà."

Mo sìn ín dé títì. Àwọn ọmọ kan rí i, wọ́n ń kí i: "Aago Mẹ́fà! Aago Mẹ́fà!"

Mo jágbe mọ́ wọn, ojú sì tì mí.