Ikọ́ Mẹ́tàlélógún

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, ìgbìmọ̀ mínísítà wúkọ́ nígbà mẹ́tàlélógún. Olóògbé kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọ orúkọ ẹni tó wú u síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Òun ni akọ̀wé tó ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ ní ìpàdé wọn. Kọ-ọ́-bó-ṣe-rí ni wọ́n ń pè é. Àbádòfin tó wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà fẹ́ kí ìjọba máa wó àwọn ilé tó wà lẹ́bàá ojú irin láìgba ilé ẹjọ́ kọjá. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ń gbé.

Ọ̀pọ̀ mínísítà ni kò fẹ́ òfin náà. Ṣùgbọ́n olórí ìjọba náà ni olórí ẹgbẹ́, òun ló sì ń yan ẹni tí ẹgbẹ́ máa fà kalẹ̀ fún ìbò. Ẹni tó bá ta kò ó, ilé ló ń lọ. Wọ́n ń yí lórí àga, wọ́n ń wo aago. Nígbà tí Olórí ní, "Gbogbo wa la gbà, àbí?" ikọ́ sọ lọ́tùn-ún lósì, yàrá náà di wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ẹnu mẹ́tàdínlógún, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún pàdé, ó ka àkọsílẹ̀ sókè gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Mínísítà Omi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mínísítà Ìlera wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wo ojú Olórí, ó sì gbé èkejì mì.

Olórí ní kó yọ àwọn ikọ́ náà kúrò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọn ò wú u ni?"

Olórí ní wọ́n wú u.

"Ó dáa sà. Mo ti kọ ìyẹn náà."

Kì í ṣòní, kì í ṣàná ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Mínísítà Iṣẹ́ ń hanrun nígbà tí wọ́n ń dìbò, ó rọra fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé oorun yìí ń gbè é ni, àbí ó ń ta kò ó?"

Nílé, bí ìyàwó rẹ̀ bá ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀, yóò fa ìwé yọ. Obìnrin náà ní òun ò rí ọkọ rí tí ń fi nọ́ńbà ojú ìwé jà.

Àkọsílẹ̀ ìpàdé gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé àbádòfin dé ilé aṣòfin. Olórí pè é sí ọ́fíìsì, ó tilẹ̀kùn. Ó ní kó kàn kọ ọ́ pé gbogbo wọn gbà. Àwọn á yọ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀, òun nìkan.

Olóògbé ṣí bírò rẹ̀. "Ẹ rọra tún un sọ sà. Mo ń kọ ọ́."

Nígbà tí wọ́n ka ikọ́ náà nílé aṣòfin, àwọn aṣòfin rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìbàdí mú. Ìjọba kó àbádòfin rẹ̀ kúrò. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé akọ̀wé lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti bàjẹ́ sí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti kọ wọ́n sílẹ̀, àga kọ̀ọ̀kan àti mínísítà tó jókòó ṣẹ́ ẹ.

Ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú. Lójú oórì, Olórí bọ́ síwájú, ó ní, "Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀."

Mínísítà Ìlera wúkọ́.

Ẹ̀gbọ́n olóògbé, tó ti ń sunkún láti àárọ̀, bú sẹ́rìn-ín. Ó fa ìwé àbúrò rẹ̀ yọ látinú báàgì, ó wá ojú ìwé tó ṣófo, ó sì kọ ọ́ pé: ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ló pa ìwé náà dé, ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ.

Àbádòfin náà ti padà dé. Wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀gbọ́n olóògbé ṣì ń dún lẹ́bàá ojú irin, kò sì sí ẹni tó ń kọ ikọ́ sílẹ̀ mọ́. Ìwọ tí ò ń kà á, bí wọ́n bá tún ní gbogbo wa la gbà, má wúkọ́. La ẹnu rẹ, kí o sì sọ pé o ò gbà.